Kẹ́ẹ̀gì Ni Òṣùwọ̀n Oko Àkọ́rọ̀

Bí òjò àkọ́kọ́ ọdún bá ti kan ilẹ̀ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìparí oṣù Èrèlé tàbí nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ọkọ́ á jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, irúgbìn á sì jáde nínú ìgò. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń dáko ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀ á yọ lọ́jọ́ kẹrin, ilẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, òjò á sì dákẹ́. Oòrùn á ràn fún ọ̀sẹ̀ kan, á wọ ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí òjò mìíràn yóò bá sì fi dé, ohun tó kù lórí ilẹ̀ kò tó sè lọ́bẹ̀. Ẹni tó fi irúgbìn pamọ́ á tún gbìn. Ẹni tó ti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ á lọ ra òmíràn. Orí ìwé yìí wà fún ìdílé tó ní ilẹ̀ ẹ̀fọ́ kékeré, èyí tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀fọ́ tiwọn dé ọjà kí ti gbogbo ayé tó dé. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé kò ju ẹyọ kan lọ: kì í ṣe òjò ló yẹ kó sọ bí oko àkọ́rọ̀ yóò ti tóbi tó, omi tí ìdílé lè gbé lójúmọ́ ni. Ìgbà tí a ó gbìn, ohun tí a ó gbìn àti ọjọ́ tí a ó kórè, ara rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò. Mílímítà ni wọ́n fi ń wọn òjò, mílímítà 1 òjò sì jẹ́ líítà 1 omi lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 1. Ká ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ kan fẹ̀ ní mítà 1, ó sì gùn ní mítà 10. Òjò mílímítà 20, òjò gidi tí kì í jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa lábẹ́ páànù, da líítà 200 sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílíítà 25 mẹ́jọ. Ó pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, oòrùn, atẹ́gùn àti ewé fúnra rẹ̀ ń fa nǹkan bíi mílímítà 4 sí 5 kúrò nínú ilẹ̀ lójoojúmọ́, tí í ṣe bíi kẹ́ẹ̀gì méjì lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Bí ẹ̀kán omi kan kò tilẹ̀ ṣàn lọ, kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ náà kò lè kọjá ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú le kì í ṣàìjẹ́ kí omi ṣàn lọ. Tẹ̀tẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kò ní tó ọjọ́ mẹ́rin náà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì wọlẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, òkè ilẹ̀ sì ni oòrùn kọ́kọ́ ń gbẹ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè wò ó fúnra rẹ̀. Kí ó gbé agolo mílíìkì tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ rí bákan náà sí gbangba, kúrò lábẹ́ igi àti òrùlé. Lẹ́yìn òjò, kí ó fi rúlà ọmọ iléèwé wọn bí omi inú rẹ̀ ti ga tó. Iye mílímítà tó bá rí ni iye líítà tí òjò bù fún mítà kọ̀ọ̀kan, bí ó bá sì pín in sí márùn-ún, ó ti mọ iye ọjọ́ tí ilẹ̀ fi lè dúró. Ọ̀pọ̀ òjò àkọ́rọ̀ tí a ń yọ̀ mọ́ kì í ju mílímítà mélòó kan lọ. Ariwo àti ìjì rẹ̀ ló ń tàn wá jẹ.

Níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n wa ti jáde: bẹ́ẹ̀dì kan, kẹ́ẹ̀gì méjì lójúmọ́, ọ̀kan láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ọ̀kan nígbà tí ọjọ́ bá rọlẹ̀. Kí ìdílé tó fọwọ́ kan ọkọ́ rárá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ka iye kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n lè gbé lójoojúmọ́ láìsí ìjà. Mo ní lójoojúmọ́ o, kì í ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nìkan tí gbogbo ọmọ wà nílé. Ọmọ tó ń lọ síléèwé lọ́jọ́ Ajé kò sí nínú ìṣirò òwúrọ̀. Ìyá tó ń ta oúnjẹ nírọ̀lẹ́ kò sí nínú ti ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ni agbára wọn, bẹ́ẹ̀dì márùn-ún ni oko àkọ́rọ̀ wọn, ì báà jẹ́ pé éékà méjì ni ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ibi tí omi wà sì ṣe pàtàkì ju bí ilẹ̀ ti lọ́ràá tó lọ. Kẹ́ẹ̀gì onílíítà 25 tó kún wúwo tó kìlò 25. Bí kànga bá jìnnà sí oko ní mítà 50, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá jẹ́ ìrìn kìlómítà kan ní àlọ àti àbọ̀. Bí ó bá jẹ́ mítà 300, kìlómítà mẹ́fà ni, ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Bárò á dín ìrìn náà kù, kò ní pa á rẹ́. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá ṣeé fi ajílẹ̀ tún ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ajílẹ̀ tó ń fa kànga sún mọ́ ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní àkùrọ̀ fi wà níwájú gbogbo wa ní àkókò yìí: bí ó bá gbẹ́ kòtò kékeré sí etí oko rẹ̀, ó ti rí omi. Kìkì pé kí ó rántí pé odò yóò padà wá gba ilẹ̀ rẹ̀ bí òjò bá ti ń kún nínú oṣù Òkúdù, kí ó má ṣe gbin ohun tí yóò pẹ́ síbẹ̀. Omi gọ́tà àti omi ìfọṣọ kò yẹ fún ewé tí ènìyàn yóò jẹ; ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà kan yóò sọ pé òjò ni àwọn baba wa ń wò, wọn kò gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sóko, wọ́n sì jẹun yó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń gbìn. Iṣu ni, àgbàdo ni. Èbù iṣu ru oúnjẹ àti omi tirẹ̀ wọ inú ilẹ̀, ìdí nìyí tí a fi lè gbìn ín nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí a dé ebè náà ní koríko gbígbẹ, kí ó sì dúró de òjò. Hóró àgbàdo tóbi, a sì ń tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ dé ibi tí ọ̀rinrin ṣì wà. Tẹ̀tẹ̀ kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Gíráàmù kan péré nínú irúgbìn rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún hóró lọ, òkè ilẹ̀ ni a sì ń dà á sí, nítorí bí a bá rì í jìn kò ní lè yọ. Ohun tó bá irúgbìn ńlá mu kò lè bá a mu. Yàtọ̀ sí èyí, púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tí àwọn baba wa jẹ kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá: ẹ̀bọ̀lọ̀ ń hù fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n bá sun, wòròwó ń hù lábẹ́ kòkó, tẹ̀tẹ̀ ń hù lẹ́bàá àkìtàn. Àkìtàn gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa, ibi tí ìdọ̀tí ti jẹrà tí omi ilé sì ń dà sí lójoojúmọ́ ni tẹ̀tẹ̀ yàn fúnra rẹ̀.

Àtakò tó tún lágbára ju ìyẹn lọ ni ti ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí a ò fi ní dúró títí òjò yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìparí oṣù Igbe, kí a gbin gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì bọ́ lọ́wọ́ kẹ́ẹ̀gì. Bí ó bá jẹ́ ọbẹ̀ ilé nìkan la ń wá, mo gbà á. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń dúró de òjò yẹn. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá gbìn sí i yóò dé ọjà ní ìparí oṣù Èbìbí àti nínú Òkúdù, nígbà tí tẹ̀tẹ̀ ti kún gbogbo etí ọ̀nà, tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ á máa dá iye tó wù ú lé e. Ẹ̀fọ́ tó bá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe kò ní orogún púpọ̀. Ti inú ẹ̀ẹ̀rùn ti ń tán, ti inú òjò kò sì tíì dé. Ìgbà náà gan-an ni owó máa ń wọ́n nílé àgbẹ̀. Iṣu tuntun kò tíì dé, àgbàdo tútù kò tíì dé, sáà kẹta iléèwé sì ń bọ̀ pẹ̀lú owó rẹ̀. Òjò ńlá tún ní ìyà tirẹ̀ lórí ewé: ẹrẹ̀ á ta bò ó, ìdí rẹ̀ á jẹrà, àbàwọ́n funfun á bo ẹ̀yìn ewé tẹ̀tẹ̀, ìdajì ohun tí a bá sì kó ni a ó ṣà dànù. Ẹni tó dúró de òjò sá fún iṣẹ́ omi, ó wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọjà àti ewé jíjẹrà.

Iṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ òjò nígbà náà. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí ìgbẹ́ adìẹ. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó ewé, á sì pa irúgbìn, nítorí náà ẹ kó o jọ sábẹ́ ibòji, ẹ wọ́n omi sí i kí ó tutù díẹ̀, kí ẹ sì máa yí i po lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ ti dà bíi ti ilẹ̀ igbó, ó ti tó lò. Ìwọ̀n kìlò 10 tó fún bẹ́ẹ̀dì kan, kí ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú kí irúgbìn tó wọlẹ̀. Ní ti bẹ́ẹ̀dì, èyí tí a là nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò gbọ́dọ̀ rí bí èyí tí a là nínú òjò. Nínú Ẹrẹ́nà, ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ rẹlẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ, kí gbogbo omi tí ẹ fi agbára gbé wá dúró síbẹ̀. Tó bá di oṣù Èbìbí, ẹ gbé e ga tó àtẹ́lẹwọ́ àgbà, kí omi òjò lè rí ibi sá lọ. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe ìyàtọ̀ yìí, wọ́n á gbé bẹ́ẹ̀dì ga láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó dára lójú, omi wọn á sì máa ṣàn lọ sí ojú ọ̀nà. Fífẹ̀ mítà 1 tí mo dárúkọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ibi tí ọwọ́ lè dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ po ṣíbí tíì kan irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ kọ́ọ̀pù iyanrìn gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó má baà dà jọ sójú kan, kí ẹ sì wọ́n ọn sí ojú ìlà tí ẹ fi igi fà. Kí ìlà kan jìnnà sí èkejì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tí a na ìka rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ fi eérú yí etí bẹ́ẹ̀dì po nítorí èèrà, kí ẹ sì tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí. Imọ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ bíi kẹ́ẹ̀gì kan lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó lè di ọ̀tá: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé irúgbìn ti yọ, ẹ ká a kúrò lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọn á funfun, wọn á sì ṣubú. Bí kò bá sí ohun ìbomirin tó lẹ́nu asẹ́, agolo tí a fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ tó. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí a da omi láti inú garawa sórí irúgbìn, yóò wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ sí apá kan.

Ìgbà wo la ó wá gbin bẹ́ẹ̀dì kejì? Ìdáhùn mi ni pé ẹ má ṣe wo ojú ọ̀run, ọjọ́ ọjà ni kí ẹ wò. Bí omi àti ajílẹ̀ bá tó, tẹ̀tẹ̀ á ṣeé fà tu ní nǹkan bí ọjọ́ 28. Ọjà ọrọ̀ọ̀rún ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ọjọ́ 28 sì jẹ́ ìyípo méje géérégé. Ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀dì tí a bá gbìn lọ́jọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà ni yóò pé. Ẹ gbin bẹ́ẹ̀dì kan lọ́jọ́ ọjà, ẹ fo ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹ gbin òmíràn ní èyí tó kàn. Pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì márùn-ún, ogójì ọjọ́ ni ẹ ó fi padà sórí èyí àkọ́kọ́: ọjọ́ 28 fún ẹ̀fọ́, ọjọ́ 12 fún ilẹ̀ láti gba ajílẹ̀ tuntun kí ó sì sinmi. Níbi tí ó bá jẹ́ ọjà ojoojúmọ́ ni ẹ ń ná, bíi ti ìlú ńlá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ ṣe é. Ìyẹn náà bá ọjọ́ 28 mu.

Níbí ni mo ti fẹ́ dá àwọn tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀dì márùn-ún kò lè mówó wálé lóhùn. Bí ẹ bá gbin bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà, tí ẹ sì ń tẹ̀ lé ètò yẹn, ẹ ó ti fa bẹ́ẹ̀dì méjìlá tu kí oṣù Òkúdù tó parí. Ilẹ̀ márùn-ún ti ṣe iṣẹ́ méjìlá. Ẹ wá fi í wé ẹni tó gbin bẹ́ẹ̀dì méjìlá lọ́jọ́ kan náà lábẹ́ òjò. Ọjọ́ kan náà ni tirẹ̀ yóò pé. Bí ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò bá lè gbé ju mẹ́ta lọ lọ́jọ́ ọjà, ìyókù á máa le lórí ìdúró, á yọ òdòdó, á sì di oúnjẹ ewúrẹ́. Owó tí kò wọlé rárá sì pọ̀ nínú ìyẹn ju èyí tó wọlé lọ. Ẹni tó tún ní òun yóò ra ẹ̀rọ tí ń fa omi kò ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò yí òfin padà, iye bẹ́ẹ̀dì nìkan ló yí. Kí ó ṣírò epo tí yóò jó láti Ẹrẹ́nà dé Igbe, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, kí ó sì ṣírò ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn Ẹrẹ́nà, bẹ́ẹ̀dì tí ọwọ́ ìdílé lè gbé omi dé ni yóò là á já.

Tẹ̀tẹ̀ ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ látòkè wá nítorí òun ló yá jù, tó sì fẹ́ràn ooru jù. Ṣọkọ náà dára, ó kàn lọ́ra díẹ̀ láti yọ. Ewédú ní ẹjọ́ méjì. Àkọ́kọ́, èèpo irúgbìn rẹ̀ le débi pé bí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò yọ, ìyókù á máa yọ ní ìgbà tó bá wù ú. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rì í bọ inú omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù, kí ẹ sì sá a lábẹ́ ibòji. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi gbígbóná ti sè é. Èkejì, gígùn ojúmọ́ ló ń darí rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó kúrú jù lọ nínú oṣù Ọ̀pẹ̀ àti èyí tó gùn jù lọ nínú Òkúdù kò tó wákàtí kan, síbẹ̀ ewédú mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ojúmọ́ bá kúrú, á tètè sáré yọ òdòdó kí ewé rẹ̀ tó pọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ṣe bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Láti oṣù Igbe lọ ni kí ẹ fún un ní ilẹ̀. Ilá ni kí ẹ fi sí etí oko láti àárín Ẹrẹ́nà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ irúgbìn rẹ̀ sómi mọ́jú; á bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí oṣù méjì, ọjọ́ méjì-méjì ni a sì ń ká a, torí ilá tó bá gbó lórí igi ń sọ fún igi pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá ń wá irúgbìn ilá tí a ti dánwò lè béèrè NHAe 47-4 lọ́wọ́ NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba tó ti wà ní Ìbàdàn láti 1975. Ugu kì í gba kí a tọ́jú irúgbìn rẹ̀ gbẹ. Inú èso rẹ̀ ni kí ó wà títí di ìgbà tí a ó gbìn ín. Gbúre kò nílò irúgbìn rárá, ẹ̀ka rẹ̀ la ń rì. Tòmátì ni mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n yọ kúrò nínú oko àkọ́rọ̀. Bí ó bá lo oṣù kan ní nọ́sìrì, tó tún lo bí oṣù méjì kó tó pọ́n, inú òjò tó le jù lọ ni èso rẹ̀ yóò bọ́ sí, ìrọ àti ìjẹrà á sì pín in. Ìparí òjò ni kí ẹ dá a dúró dè. Ṣọkọ, ewédú àti ilá sì wà lára àwọn tí kòkòrò abẹ́ ilẹ̀ ń mú gbòǹgbò wọn wú kókó-kókó. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan jókòó sórí ilẹ̀ tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò.

Wọ́n máa ń jiyàn lórí fífà tu àti gígé. Ẹni tó ń gé tẹ̀tẹ̀ kò ní í tún irúgbìn dà, lóòótọ́, ewé á sì tún hù ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nínú oko tí a fi kẹ́ẹ̀gì wọ̀n, ibi tí ìdí ẹ̀fọ́ tí a gé wà ṣì ń mu kẹ́ẹ̀gì méjì lójúmọ́ nígbà tí kò ní ohun tí a lè tà. Kí á fa tẹ̀tẹ̀ tu títí òjò yóò fi dúró. Láti Èbìbí lọ, tí omi kò gba agbára wa mọ́, gígé ló mọ́gbọ́n wá, fún tẹ̀tẹ̀, fún ṣọkọ àti fún ewédú. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ fà á, kí ìrì tó kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì dé e ní àpò tútù títí dé ọjà. Ní ti kòkòrò, n kò fara mọ́ oògùn fífín sí ewé tí kò ní ju ọjọ́ 28 lọ lórí ilẹ̀. Àwọn tí ń ká ewé mọ́ra láti fi ṣe ilé ṣeé ṣà pa lórí bẹ́ẹ̀dì márùn-ún láàárọ̀, ó sì jẹ́ àǹfààní mìíràn tí oko kékeré ní. Tata ni kí ẹ fi ojú sí, torí àkókò yìí gan-an ni wọ́n ń dàgbà.

Nígbà tí òjò bá wá ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí agolo yín ń fi hàn pé ohun tó ń bọ̀ láti òkè ti tó ohun tí oòrùn ń fà, kẹ́ẹ̀gì ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ tó fa oko gbòòrò, kí ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga, kí ẹ sì dín tẹ̀tẹ̀ kù, nítorí gbogbo ayé ti ń tà á. Nínú bẹ́ẹ̀dì tó bá kẹ́yìn, ẹ yan ìdí tẹ̀tẹ̀ mẹ́wàá tó ga jù, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ jù, tí kò sì tètè yọ òdòdó, ẹ so aṣọ mọ́ ọn kí ọmọdé má baà fà á tu. Wọ́n á gbó nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, ìyẹn sì ni oòrùn tí ẹ ní láti fi gbẹ irúgbìn wọn. Ẹ pa á, ẹ fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ dáadáa pẹ̀lú eérú díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún sí i lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tà nínú rẹ̀, bí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá tilẹ̀ ń bẹ̀ yín.